Ìyá Mi, Ẹ Má Ta Ilẹ̀ Náà

Hull, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì
Oṣù kọkànlá, 2025

Ìyá mi Alhaja,

Ẹ kú ọjà o, ẹ sì kú èéfín. Mo gbà pé àlàáfíà lẹ wà, pé ẹsẹ̀ yín kò wú mọ́, pé ẹ sì ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yẹn láràárọ̀, kì í ṣe ìgbà tí orí bá ń fọ́ yín nìkan. Àwa náà wà. Òtútù ti dé. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni ilẹ̀ ń ṣú báyìí, bíi pé NEPA mú iná oòrùn lọ.

Mo gbọ́ ohùn tí ẹ fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbọ́ ọ. Mo ní n kò ní pè yín, torí bí mo bá pè, ẹ ó sunkún, èmi náà ó sunkún, ọ̀rọ̀ ó sì wà nílẹ̀ bó ṣe wà. Ẹ jẹ́ kí ọmọ Ìyá Ẹlẹ́kọ ka lẹ́tà yìí fún yín. Ẹ má tíì fún àbúrò mi, torí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló pọ̀ jù níbẹ̀.

Ẹ ní ẹ fẹ́ ta ilẹ̀ Noforíjà, tòun ti póńdì ẹja tó wà lórí rẹ̀, kí ẹ kó owó rẹ̀ fún ọ̀gbẹ́ni kan l'Ékòó tó ní òun ó fi iṣẹ́ kíà, iṣẹ́ títọ́jú àwọn àgbàlagbà, gbé àbúrò mi dé ọ̀dọ̀ mi kí ọdún tó parí. Ẹ ní ojú ń tì yín. Ẹ ní lọ́jọ́ Kayókayọ̀, Alhaja aláṣọ ń ka àwọn ọmọ tirẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, ti Kánádà, ti Dubai, ti ilé iṣẹ́ epo, ó wá yíjú sí yín pé, "Ẹ̀ńjínnía ńkọ́?" Ẹ sì dáhùn pé ó wà l'Ábújá.

Ìyá mi! Ábújá! Ẹni tó wà nínú omi dé orúnkún ní Noforíjà, tí ẹ sì gbé oúnjẹ ọ̀sán lọ fún lọ́jọ́ náà gan-an!

Ẹ jẹ́ kí n rẹ́rìn-ín díẹ̀ ná. Àwa ará Èkó-Ẹ̀pẹ́ kúkú ni. Kí ni Kayókayọ̀ tí à ń ṣe lẹ́yìn Iléyá, bí kò ṣe ìrántí bí Ọba Kòsọ́kọ́ àti àwọn èèyàn rẹ̀ ṣe dé Ẹ̀pẹ́, lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi àgbá lé wọn kúrò l'Ékòó ní 1851? Àwọn baba wa náà jápa ni. Wọn kò sì san owó fún ọ̀gbẹ́ni kankan. (Bí èmi ṣe wá ń gbé láàárín àwọn tó lé wọn, ẹ má jẹ́ ká dé ibẹ̀ lónìí.)

Ọ̀rọ̀ ọ̀gbẹ́ni yẹn ni kí n kọ́kọ́ sọ. Irọ́ ló ń pa. Ọdún 2022 ni ìjọba ibí ṣí ọ̀nà iṣẹ́ kíà, òun ni mo bá wọlé. Nígbà tó di oṣù kẹta 2024, wọ́n ní ẹni tó bá gba ọ̀nà náà wá kò gbọ́dọ̀ mú ọkọ, aya tàbí ọmọ dání mọ́. Nígbà tó di ọjọ́ 22 oṣù keje ọdún yìí, wọ́n ti ìlẹ̀kùn náà pátápátá: kò sí ẹni tó lè mú òṣìṣẹ́ kíà tuntun wá láti òkèèrè mọ́. Ìwé tí ọ̀gbẹ́ni yẹn fẹ́ tà fún yín, kò sí i. Ẹ̀yin tí ẹ ń tẹ ikùn ẹja wò kí ẹ tó fún ẹlẹ́ja lówó, ẹ wá fẹ́ ra ohun tí ojú ò rí.

Ọ̀rọ̀ kejì le díẹ̀. Ẹ jókòó.

Fọ́tò tí ẹ gbé kọ́ sókè tẹlifíṣọ̀n yẹn, èyí tí mo wọ kóòtù dúdú níwájú géètì ilé ìwé, kì í ṣe ibi iṣẹ́ mi. Ilé ìwé ọmọ-ọmọ yín kékeré ni. Mo sìn ín débẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan ní 2022, mo ní kí bàbá rẹ̀ yà mí, mo sì fi ránṣẹ́ sí yín pé, "Ibi tí mo ti ń kọ́ wọn nìyí." Òkìríkà ni kóòtù náà. Aṣọ iṣẹ́ kíà ni mo wọ̀ sábẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá wo ibi ọrùn mi dáadáa, ẹ ó rí etí aṣọ aláwọ̀ ewé kan tó yọ síta. Láti ọjọ́ yẹn, bí ẹ bá ti ń fi fídíò pè mí, etí aṣọ yẹn ni ojú mi máa ń lọ lẹ́yìn yín.

Ọdún méjì ni mo fi ṣe é. Mo wẹ àgbàlagbà, mo pààrọ̀ ìtẹ́dìí wọn, mo fi ṣíbí bọ́ wọn, mo sì ń dúró de bọ́ọ̀sì láago mẹ́fà àárọ̀ nínú yìnyín. Ọkọ mi tí ẹ ń sọ fún wọn lọ́jà ẹja Olúwo pé ó jẹ́ mánẹ́jà báńkì, bọ́ọ̀sì ló ń wà. Ó fẹ́ràn rẹ̀ o. Ó ní kò sẹ́ni tó ń pe òun láago mọ́kànlá alẹ́ mọ́ pé owó kò bára mu.

Ìyá kan wà lára àwọn tí mo tọ́jú, ládùúgbò Hessle Road. Ẹ ó fẹ́ràn rẹ̀. Àdúgbò apẹja ni ibẹ̀ láyé ọjọ́un, ọkọ̀ wọn a máa lọ títí dé òkun òtútù ní ìhà Iceland. Ó sọ fún mi pé ní ìbẹ̀rẹ̀ 1968, ọkọ̀ mẹ́ta rì láàárín oṣù kan, ọkùnrin 58 ló bá a lọ. Àwọn obìnrin so ìborùn mọ́rí, Lillian Bilocca ṣíwájú wọn, ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá èèyàn fọwọ́ sí ìwé wọn, wọ́n sì gbé ẹjọ́ náà dé London, torí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ló ń lọ láìní ẹni tí iṣẹ́ tirẹ̀ jẹ́ rédíò nìkan, tí yóò ké síta bí ewu bá dé. Bó ṣe ń sọ ọ́, bí ẹ̀yin obìnrin Olúwo ló ń hàn sí mi lójú. Nígbà tó gbọ́ pé ẹlẹ́ja ni ìyá mi, ó di ọwọ́ mi mú, kò sì fi í sílẹ̀ títí mo fi sọ bí ẹ ṣe ń ká àrọ̀ kí ẹ tó gbé e síná.

Òun ló bi mí léèrè ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì bi mí láti ìgbà tí mo ti dé: iṣẹ́ wo ni mò ń ṣe nílé kí n tó wá? Mo ní olùkọ́ ìṣirò ni mí, ọdún mẹ́rìnlá ni mo fi kọ́ ọ ní Ìkòròdú. Ó wò mí. Ó ní wọ́n ń wá olùkọ́ ìṣirò kiri nílùú yìí, kí ni mo wá ń wá nídìí òun?

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí wádìí nìyẹn. Láti oṣù kejì 2023, wọ́n ti fàyè gba àwa olùkọ́ láti Nàìjíríà, Gánà, Íńdíà àti àwọn orílẹ̀-èdè mélòó kan láti gba ìwé àṣẹ olùkọ́ níbí láìtún padà sí yunifásítì, bó bá jẹ́ ìṣirò, sáyẹ́ǹsì tàbí èdè la ń kọ́ àwọn ọmọ ọdún 11 sí 16. Wọ́n ní kí n mú ìwé ẹ̀rí wá, kí TRCN, àjọ tó ń forúkọ àwa olùkọ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, náà kọ̀wé pé n kò ní ẹ̀ṣẹ̀ lọ́rùn. Ẹ rántí ọjọ́ tí àbúrò mi tú gbogbo abẹ́ ibùsùn yín, tí ẹ ń bínú pé kí ló ń wá? Ìwé ẹ̀rí mi ni. Òun nìkan ló mọ àṣírí mi. Òun ló lo ọjọ́ mẹ́ta l'Ábújá nítorí ìwé TRCN, tó sì sùn ní mọ́sálásí kí owó tí mo fi ránṣẹ́ má bàa tán. Ẹ rí i pé irọ́ yín kò kúkú jìnnà. Ó ti dé Ábújá.

Oṣù kẹsàn-án 2024 ni mo tó dúró níwájú kíláàsì níbí. Nítorí náà òótọ́ ni pé olùkọ́ ni mí báyìí. Ẹ lè fi fọ́tò náà sílẹ̀, géètì ló yàtọ̀.

Ohun tó jẹ́ kí n lè sọ gbogbo èyí ni pé kíláàsì wa ní yunifásítì pé ogún ọdún tí a gboyè ní oṣù kẹsàn-án tó kọjá. A pàdé lórí fóònù, akọ̀wé wa sì pín fọ́ọ̀mù fún wa: iṣẹ́, ọkọ tàbí aya, iye ọmọ, ilé, mọ́tò. Ó dà bí ìbéèrè Munkar àti Nakir nínú sàréè. Ẹni tó gba ipò kìíní láti ọdún kìíní dé ìparí, tí gbogbo wa ń wo ìwé rẹ̀ kọ, irin ìkọ́lé ló ń tà n'Íjẹ̀bú-Òde, owó sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí kárí-ófà fẹ́rẹ̀ẹ́ dá padà sílé ti di igbákejì ọ̀gá ilé ìwé. Ọ̀kan gboyè ọ̀mọ̀wé l'Ámẹ́ríkà. "Mo wà láàyè" nìkan ló kọ, kò sì dáhùn mọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà bí a ti pè é tó. Èyí tí a jọ gbé yàrá kò kọ iṣẹ́, kò kọ ilé. Fọ́tò ìbejì ló fi síbẹ̀. Ọdún mẹ́rìnlá ló fi wá wọn, a sì kí i títí ilẹ̀ fi mọ́.

Orúkọ márùn-ún wà nísàlẹ̀ tí kò ní fọ́ọ̀mù. Ẹ rántí ọmọbìnrin tó yá mi ní bàtà lọ́jọ́ ìgboyè, nígbà tí gìgísẹ̀ tèmi já? Ẹ bu ìkòkorẹ́ fún un nínú kúlà tí ẹ gbé wá láti Ẹ̀pẹ́, ó ní kí ẹ bá òun wá orí ẹja sí i. Ìkúnlẹ̀ ló bá lọ ní 2011. Ọmọ tó bí lọ́jọ́ náà ti wà ní SS 1, àwa mẹ́jọ là ń dá owó ilé ìwé rẹ̀. Mo wá ibi tí mo lè kọ ìyẹn sí nínú fọ́ọ̀mù náà, n kò rí.

Ẹja ni ẹ fi rán mi níwèé, Alhaja. Mo rántí ọmọbìnrin báńkì tó gba owó ilé ìwé lọ́wọ́ mi, tó gbé e símú, tó sì fi ìka méjì péré kà á bí ẹni ń gbé òkú eku. Mo rántí ìyanṣẹ́lódì 2003 tó dá wa jókòó sílé bí oṣù mẹ́fà, ìdí ààrò yín ni mo ti lò ó. Ẹja wá di ohun ìtìjú nígbà tí ọmọ yín ọkùnrin ń sìn ín?

Táì lẹ fẹ́ rí lọ́rùn rẹ̀, mo mọ̀. Òun náà gba ìwé ẹ̀rí ẹ̀ńjínnía ní LASU níbẹ̀ l'Ẹ́pẹ̀ẹ́ ní 2016. Àláwì àgùnbánirọ̀ tí wọ́n ń fún un lóṣù jẹ́ náírà 19,800, nínú rẹ̀ ló ti ṣẹ́ owó tó fi ra ọmọ ẹja àkọ́kọ́. Ààrò irin onílẹ̀kùn tó ṣe fún yín, tí ẹ kò fi fi ojú pípọ́n sùn mọ́, kí ni wọ́n ń pe ẹni tó ń ṣe irú rẹ̀? Obìnrin mélòó ló ti ní kó ṣe é fún àwọn náà l'Ólúwo? Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi, lẹ́nu ara yín, pé wọ́n pé mọ́kànlá.

Ní ti ìyàwó tí àbúrò mi yóò fẹ́, n kò ní sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọmọbìnrin olùkọ́ tó ń wá ra ẹja ní Noforíjà lọ́jọ́ Sátidé, ìdílé wọn kò lè máa jẹ ẹja tó tó yẹn. Èmi kò wí nǹkan kan o.

Nítorí náà, ẹ má ta ilẹ̀ náà. Ìparí oṣù yìí, n ó fi owó kànga-dẹ̀rọ ránṣẹ́, kí ó yé fi garawa pọn omi. Ẹ sọ fún ọ̀gbẹ́ni Èkó pé ọmọ yín ti rí iṣẹ́.

Ẹ pe àbúrò mi wá wàyí, kí òun fúnra rẹ̀ ka ibi tó kù.

Àbúrò mi, mo ti tú àṣírí mi, má bínú. Mo gbọ́ pé o kó àrọ̀ tuntun sí póńdì ẹ̀yìn lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mélòó ló kú? Kà wọ́n dáadáa kí o tó dáhùn, má sì yọ èyí tí ológbò gbé kúrò níbẹ̀.

Èmi ni,
Àdùkẹ́ yín