Omi òkun kì í kàn tọ afẹ́fẹ́ lẹ́yìn

Sí Olóòtú,

Àròkọ yín lórí afẹ́fẹ́ àsìkò Òkun Íńdíà dùn ún kà, àmọ́ ẹ sọ pé ibi tí afẹ́fẹ́ bá kọjú sí ni omi ń ṣàn lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ orúkọ ná: ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀ la fi ń pè é, ibi tí ìṣàn omi ń lọ la sì fi ń pe tirẹ̀. Afẹ́fẹ́ ìlà-oòrùn àti ìṣàn ìwọ̀-oòrùn lè máa bára wọn rìn. Máàpù yín ti sọ wọ́n di ọ̀tá.

Afẹ́fẹ́ kì í ti omi bí ẹni ń ti ọmọlanke. Ó ń fara ha ojú omi ni, ìpele òkè á sì máa wọ́ tìsàlẹ̀. Bí eré afẹ́fẹ́ bá di ìlọ́po 2, ipá tó ń bà lé omi á di ìlọ́po 4. Ìyẹn ló fà á tí ìpíndọ́gba oṣù kan fi ń tanni jẹ: ọjọ́ mélòó kan tó le lè ṣe ju ọ̀sẹ̀ tó rọ̀ lọ.

Ayé tó ń yí ló ń mú omi yà, sọ́tùn-ún ní àríwá agbedeméjì ayé, sósì ní gúúsù. Ekman, onímọ̀ nípa òkun, ṣírò rẹ̀ ní 1905: ojú omi á yà kúrò lójú ọ̀nà afẹ́fẹ́ ní dígírì 45 (lójú òkun gidi, kì í sábà tó bẹ́ẹ̀), tìsàlẹ̀ á túbọ̀ máa yà, á sì máa falẹ̀. Tá a bá ro gbogbo omi tó ń lọ pọ̀, dígírì 90 ló yà sí afẹ́fẹ́.

Ẹ wo etí òkun Sòmálíà. Láti oṣù Kẹfà sí Kẹsàn-án, afẹ́fẹ́ gúúsù-ìwọ̀-oòrùn ń fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀, omi òkè ń yà kúrò létí ilẹ̀, omi tútù ń ti ìsàlẹ̀ gòkè rọ́pò rẹ̀. Ojú òkun wá dà gẹ̀rẹ́: ó relẹ̀ létí ilẹ̀, ó ga lọ́hùn-ún. Omi tó bá fẹ́ ṣàn padà sétí ilẹ̀ á tún yà sọ́tùn-ún, ìdí nìyẹn tí gẹ̀rẹ́ yẹn fi wà lára ohun tó ń mú Ìṣàn Sòmálíà sáré lọ sí àríwá-ìlà-oòrùn, nígbà míì ju mítà 2 lọ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Láàárín oṣù Kejìlá sí Kejì, ó máa ń kẹ̀yìn padà.

Lórí agbedeméjì ayé gan-an nìkan ni ọ̀rọ̀ yín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jóòótọ́. Kò sí yíyà níbẹ̀. Lóṣù Kẹrin sí Karùn-ún àti Kẹwàá sí Kọkànlá, afẹ́fẹ́ ìwọ̀-oòrùn ń ti omi lọ tààrà sí ìlà-oòrùn. Wyrtki, onímọ̀ nípa òkun, ló kọ nípa rẹ̀ ní 1973.

Ó ku ìlà pupa orí máàpù yín, ipa ọ̀nà bọ́ì kan (ohun èlò tó ń léfòó lójú omi), èyí tó tọ afẹ́fẹ́ gbọnrangandan. Bọ́ì tí wọ́n fi ń tọpa omi máa ń ní àpò aṣọ gígùn kan tó rọ̀ sísàlẹ̀, ní nǹkan bíi mítà 15, kí omi lè máa fà á. Bí àpò náà bá já, bọ́ì á ṣì máa fi ìròyìn ránṣẹ́, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ti ń gbá a kiri. Ẹ bi ẹni tó fún yín ní ìlà yẹn bóyá àpò ṣì wà lára bọ́ì rẹ̀.

Òǹkàwé yín