Kí ẹ tó ní kí a ṣe ISO ESXi fún sáfà yín

Ẹ̀yin oníbàárà wa, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ọ̀pọ̀ yín ló ń bi wá pé kí ló dé tí a kì í fi fláàṣì ESXi (ètò VMware tó ń jẹ́ kí sáfà kan gbé ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà àfarawé, ìyẹn VM) kan ṣoṣo ṣiṣẹ́ fún gbogbo ènìyàn. Káàdì nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ló fà á. Bí ISO (fáìlì tí a fi ń gbé ESXi sórí ẹ̀rọ) tó ti ilé-iṣẹ́ VMware wá (ti Broadcom ni báyìí, láti 2023) kò bá ní dráífà (ètò tó ń jẹ́ kí ESXi lè lo káàdì) fún káàdì tó wà nínú ẹ̀rọ yín, yóò gbéra dáadáa, á máa ka fáìlì lọ bíi pé kò sí nǹkan kan, àfi ìgbà tó bá kọ "No Network Adapters" síta tó sì dúró gbọin.

Nítorí náà, nọ́ńbà káàdì la kọ́kọ́ ń béèrè. Orúkọ tó wà lára páálí kò tó. Lórí Linux, ẹ tẹ lspci -nn. Lórí Windows, ẹ ṣí Device Manager, ẹ tẹ káàdì náà, ẹ lọ sí Details, kí ẹ wá yan Hardware Ids. Bí ẹ bá rí 8086:1521, Intel i350 ni, ọkàn yín balẹ̀, dráífà igbn ti wà nínú ISO. 14e4:165f ni Broadcom 5720 tó wà nínú ọ̀pọ̀ Dell tòkunbọ̀, ntg3 ló ń gbé e. Bó bá jẹ́ 10ec:8168, Realtek nìyẹn, ibẹ̀ ni wàhálà wà. Dráífà net55-r8168 tí wọ́n ń pín kiri, vmklinux (apá ESXi àtijọ́ tó ń gbé dráífà Linux) ló gbára lé, ESXi 7.0 sì ti yọ vmklinux kúrò pátápátá ní 2020. Ẹni tó bá ní òun á fi í sínú 8.0 fún yín, ẹ má fún un lówó. Ẹ kúkú ra i350 oníhò méjì.

Image Builder inú PowerCLI (irinṣẹ́ VMware fún PowerShell) la fi ń ṣe iṣẹ́ náà. A ó fi Add-EsxSoftwareDepot ṣí zip ESXi, a ó fi New-EsxImageProfile -CloneProfile ṣe ẹ̀dà tiwa, a ó fi Add-EsxSoftwarePackage kó dráífà sí i, Export-EsxImageProfile á sì gbé ISO jáde. A tún máa ń gbé zip tirẹ̀ jáde pẹ̀lú -ExportToBundle, torí bí a bá ti pa PowerShell, ẹ̀dà yẹn ti lọ nìyẹn. Bí dráífà bá jẹ́ CommunitySupported (tí VMware kò fọwọ́ sí), Secure Boot (ààbò tó ń yẹ ètò wò bí ẹ̀rọ bá ń tàn) kò ní ṣeé tàn lórí ẹ̀rọ náà. Ẹ jẹ́ ká mọ̀ ṣáájú bó bá jẹ́ dandan ní ọ́fíìsì yín.

Fún ẹni tó fẹ́ kí ó máa gbé ara rẹ̀ sílẹ̀ láìbéèrè nǹkan kan, fáìlì KS.CFG, tó ní ìdáhùn sí gbogbo ìbéèrè, la ń kọ sí i. Ìlà kan wà níbẹ̀ tí a kì í fi ṣeré:

install --firstdisk --overwritevmfs

Ohun tó ń sọ ni pé: mú díìskì tó bá kọ́kọ́ bọ́ sí ọ lọ́wọ́, kó o sì pa VMFS (ibi tí ESXi ń kó fáìlì àwọn VM sí) tó bá wà lórí rẹ̀ rẹ́. Bó bá wá jẹ́ pé díìskì tí àwọn VM yín wà lórí rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí ńkọ́? Ìdí nìyí tí a fi ń kọ módẹ́ẹ̀lì díìskì gan-an tẹ̀ lé --firstdisk=, tí a kì í sì í fi --overwritevmfs sí i àyàfi tí ẹ bá fọwọ́ sí i.

Ẹ sọ fún wa pẹ̀lú bóyá fláàṣì lẹ ó lò tàbí CD orí iDRAC (ti Dell) tàbí iLO (ti HPE), tí a fi ń darí sáfà láti òkèèrè. Fún CD, ks=cdrom:/KS.CFG la ń kọ sínú BOOT.CFG, fáìlì tí ISO ń kà bó bá ń gbéra; fún fláàṣì, ks=usb:/KS.CFG ni, fláàṣì náà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ FAT16 tàbí FAT32. BOOT.CFG méjì ló wà: ọ̀kan níta, ọ̀kan nínú EFI/BOOT. Ẹni tó bá tún èyí tó wà níta nìkan ṣe, ẹ̀rọ UEFI (èyí tó rọ́pò BIOS àtijọ́) kò ní kà á, á sì máa bi í ní ìbéèrè bíi ti tẹ́lẹ̀. Ohun tó bá wà lábẹ́ %firstboot nínú KS.CFG (àṣẹ ìgbà tí ESXi bá kọ́kọ́ tàn) náà kì í ṣiṣẹ́ bí Secure Boot bá wà ní títàn, kò sì ní pariwo.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi SSD 240GB ṣe díìskì ESXi, tí ẹ ń ṣàròyé pé ìdajì rẹ̀ pòórá: ESXi ló gbé e. A lè kọ systemMediaSize=min sínú BOOT.CFG kí ó mọ sí 32GB. RAM kò gbọdọ̀ kéré ju 8GB lọ fún 8.0. Owó láísẹ́ńsì ESXi kò sí nínú owó wa.

Ọ̀rọ̀ aṣínà root (àkáǹtì ọ̀gá lórí ESXi) wà nínú fláàṣì yẹn. A ti fi SHA-512 yí i padà sí ohun tí kò ṣeé kà, síbẹ̀ ẹ má jù ú sílẹ̀ lórí tábìlì. Bó bá sì ti parí, ẹ yọ ọ́ kí ẹ tó tún ẹ̀rọ tàn, torí bó bá tún bá a níbẹ̀, kò ní béèrè lọ́wọ́ yín kó tó tún un gbé sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.