Ẹ sùn ní Kétu

Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ìpolówó ìrìnàjò ọlọ́jọ́ kan sí Kútọ́nù ti gba ìgboro: ẹ jí lọ láàárọ̀, ẹ ya fọ́tò ní Ganvié, abúlé tí wọ́n kọ́ sórí omi, àti Ouidah, ẹ padà lálẹ́. Ẹnubodè àti ibi àyẹ̀wò ojú ọ̀nà ló ń jẹ ọjọ́ náà tán. Ẹni tó fi wákàtí kan wo Ganvié látinú ọkọ̀ ojú omi á ní òṣì ló lé àwọn ará ibẹ̀ sórí ọ̀sà. Ẹni tó bá jókòó tì wọ́n ni yóò gbọ́ pé àwọn akónilẹ́rú ni àwọn baba ńlá wọn sá fún.

Àwa tí a ń mú àlejò gba Ìdìrókò kọjá, Kétu ti orílẹ̀-èdè Benin, kì í ṣe ti Èkó, ni a máa ń sọ pé kí èèyàn lọ, kó sì sun oru mẹ́ta níbẹ̀, ó kéré tán. Láti Ìgòlò, ẹnubodè ti Benin, ẹ gba Sakété àti Pobè. Ojú ọ̀nà ló ń gba ọjọ́ kìíní. Lọ́jọ́ kejì, àlejò ńlá ṣì ni yín: wọn á pa adìẹ, wọn ò ní jẹ́ kí ẹ fọwọ́ kan nǹkan kan. Lọ́jọ́ kẹta ni ìyálé tó lè gbé agbọ̀n àgbàdo síwájú yín pé ẹ bá òun bó o. Ìdí agbọ̀n yẹn ni ọ̀rọ̀ gidi ti ń jáde: iye tí wọ́n ń san fún ilé ẹ̀kọ́, òjò tó pẹ́, ọmọ tó lọ ṣiṣẹ́ l'Ékòó tí kò tíì fi ìròyìn ránṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ ọmọ yìí ló ká wa lára jù. L'Ékòó, "Àgànyìn" là ń pe gbogbo àwọn tó ti ọ̀hún wá, a kì í béèrè orúkọ ìlú. Lọ́dún 2003, àwọn ọmọdé tó ju 200 lọ ni wọ́n kó kúrò níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta lágbègbè Abẹ́òkúta, tí wọ́n dá wọn padà sí Benin. Ẹni tó ti jẹun nílé ìyá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò ní lè wò ó bí ẹrù mọ́.

Ẹ má kọjá èèyàn mẹ́jọ, méjì nínú ilé kan. Bí ogún bá wọ agbo ilé kan, omi á tán, ẹ ó sì máa bá ara yín nìkan sọ̀rọ̀. Ẹ gba òǹtẹ̀ lọ́dọ̀ Nàìjíríà àti lọ́dọ̀ Benin. Ẹni tó gba ẹyọ kan ni wọ́n máa ń dá dúró lábọ̀. Ẹ má gbàgbé yẹ́lò káàdì, ìwé ẹ̀rí abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ẹ ṣẹ́ owó sẹ́fà sí 500 àti 1,000, torí kò sí ẹni tí yóò rí ṣéńjì 10,000 fún yín lábúlé. Owó oúnjẹ, ìyálé fúnra rẹ̀ ni kí ẹ fún kí ilẹ̀ ọjọ́ kìíní tó ṣú. Bó bá gba ọwọ́ alágbàtà, á dín kù lọ́nà, onílé á wá máa fi owó ara rẹ̀ bọ́ yín.

Yorùbá ni wọ́n ń sọ. Ààlà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fà lọ́dún 1889 ló jẹ́ kí wọ́n máa kọ ɛ àti ɔ níbi tí àwa ń kọ ẹ àti ọ. Bí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ bá jáde, ẹ tọrọ àyè kí ẹ tó gbé fóònù sókè.

Ẹ̀bẹ̀ wa sí àwọn tó ń polówó: ẹ fi owó ọkọ̀ ẹni méjì láti Kétu kún iye tí ẹ ń gbà, kí onílé náà lè wá sun oru mẹ́ta nílé àlejò rẹ̀. Ọjọ́ 90 tí àdéhùn ECOWAS ọdún 1979 fún wa láìgba físà, tiwọn náà ni.

Àwa atọ́nà ìrìnàjò,
Ìdìrókò