Ìyá Tóbi, ọ̀rọ̀ Káyọ̀dé ti di ti bàálù

Houston, Texas

Ìyá Tóbi mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni? Àwọn ọmọ ń kọ́? Gbogbo ìgbà tí mo bá pè ọ́ ni èèyàn máa ń kún ọ̀dọ̀ rẹ, ọ̀rọ̀ yìí ò sì ṣe é sọ létí èèyàn, ni mo ṣe ní kí n kọ ọ́. Káyọ̀dé ti gba ìwé. Àwọn ológun ojú omi Amẹ́ríkà ti mú un, Pensacola ní Florida ló ń lọ, bàálù ló sì fẹ́ máa wà. Kì í ṣe bàálù tó ń kó èrò o. Èyí tó ń gbéra lórí ọkọ̀ ogun láàárín agbami ni, tó tún ń padà wá balẹ̀ sórí ọkọ̀ ọ̀hún, bí ìgbì ti ń gbé e lọ sókè sódò.

Ọmọ tó kàwé ẹnjiníà yanjú! Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ wa níbí ti ń bi mí bóyá kò ríṣẹ́ ni. Mi ò dá wọn lóhùn. Bàbá rẹ̀ ní tiẹ̀ ń rìn bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ joyè.

Káyọ̀dé rí i pé ara mi ò balẹ̀, ló bá wà mí lọ sí Corpus Christi, níbi tí wọ́n so ọkọ̀ ogun àtijọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Lexington mọ́lẹ̀ sí. Láti 1992 ló ti di ibi tí èèyàn ń sanwó wọ̀ lọ wò. Mo gun orí rẹ̀, mo wo omi yíká. Ibi tóóró yìí ni wọ́n ń fi bàálù balẹ̀ sí lóru? Níbẹ̀ ló ti sọ ìtàn Marc Mitscher, ọ̀gá ológun ojú omi Amẹ́ríkà kan láyé àtijọ́, fún mi, láti ìgbà náà ni mi ò ti sùn dáadáa.

Wisconsin ni wọ́n bí ọkùnrin yẹn sí ní 1887, Oklahoma ló sì dàgbà sí. Ní 1906, wọ́n ní kó fi ilé ìwé àwọn ológun ojú omi ní Annapolis sílẹ̀. Bàbá rẹ̀ ló sáré kiri tí wọ́n fi gbà á padà, ó wá tún un bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Nígbà tó jáde ní 1910, ọ̀dọ̀ àwọn tó gbẹ̀yìn nínú kíláàsì ló wà. Síbẹ̀, nígbà tó di 1916, òun ni ẹni kẹtàlélọ́gbọ̀n tó gba àmì awakọ̀ òfuurufú nínú àwọn ológun ojú omi Amẹ́ríkà. Ní 1919, wọ́n rán bàálù mẹ́ta kí wọ́n fò kọjá Òkun Àtìláńtíìkì. Èyí tí Mitscher wà, NC-1, balẹ̀ sójú omi nítorí kùrukùru nítòsí erékùṣù Azores, ọkọ̀ àwọn ará Gíríìsì ló kó wọn. NC-4 nìkan ló fò dé Lisbon.

Ní 1942, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì tí Amẹ́ríkà ń bá Japan jà, òun ni kápúténì Hornet, ọkọ̀ ogun tó ń gbé bàálù. Orí rẹ̀ ni bàálù mẹ́rìndínlógún tí ọ̀gágun Amẹ́ríkà kan, Doolittle, darí ti gbéra lóṣù kẹrin tí wọ́n lọ ju bọ́ǹbù sí Japan. Lóṣù kẹfà, nínú ogun tí wọ́n jà nítòsí erékùṣù Midway ní Òkun Pàsífíìkì, bàálù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún gbéra lórí Hornet yìí kan náà láti lọ kọlu ọkọ̀ àwọn ọ̀tá. Ọgbọ̀n ọkùnrin ló wà nínú wọn. Ẹnì kan ṣoṣo ló yè é. Ọgbọ̀n ìyá, Ìyá Tóbi! Mo ní láti wá ibi jókòó.

Ó wá ku èyí tí mo fẹ́ kí o gbọ́. Ogúnjọ́ oṣù kẹfà, 1944, ó ti di ádímírà, abẹ́ rẹ̀ ni gbogbo ọkọ̀ tó ń gbé bàálù lójú ogun náà wà, Lexington tí mo dúró lé yìí lòun fúnra rẹ̀ sì wà. Ọjọ́ ti ń rọ̀ kí wọ́n tó rí àwọn ọkọ̀ Japan lókèèrè. Ó mọ̀ pé bí àwọn ọmọ náà bá lọ, òkùnkùn ni wọn yóò fi padà, àti pé epo lè má tó wọn. Ó rán wọn lọ, bàálù tó ju igba lọ. Mi ò tíì lè dárí ìyẹn jì í tán.

Nígbà tí wọ́n ń bọ̀, kò sí òṣùpá, epo ń tán, wọn ò sì rí ọkọ̀ wọn. Lójú ogun, ọkọ̀ kì í tanná lóru, torí àwọn ọkọ̀ abẹ́ omi ọ̀tá. Mitscher ní kí wọ́n tan gbogbo iná. Wọ́n tanná orí ọkọ̀, wọ́n na iná gbọọrọ sójú ọ̀run, wọ́n ní kí kálukú balẹ̀ sórí ọkọ̀ tó bá rí, ì báà má jẹ́ tirẹ̀. Nǹkan bí ọgọ́rin bàálù ló ṣì ṣòfò, púpọ̀ nínú wọn já sómi, ṣùgbọ́n wọ́n wá àwọn ọmọ náà títí, wọ́n sì kó èyí tó pọ̀ jù nínú wọn jáde láàyè.

Wọ́n ní kì í pariwo, pé fìlà ẹlẹ́nu gígùn ló máa ń dé, tí yóò jókòó kọ ẹ̀yìn sí afẹ́fẹ́. Ní 1945, bàálù Japan méjì forí sọ ọkọ̀ ogun Bunker Hill tó wà nínú rẹ̀, èèyàn bí irínwó kú, àwọn òṣìṣẹ́ tirẹ̀ wà lára wọn. Ó kó lọ sínú ọkọ̀ mìíràn, Enterprise, wọ́n tún kọlu ìyẹn lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta. Lẹ́yìn ogun, wọ́n fi ipò olórí gbogbo ológun ojú omi lọ̀ ọ́, ó ní òun ò ṣe. Ní 1947 ló kú ní Norfolk, lẹ́ni ọgọ́ta ọdún. Ọdún tó ń bọ̀ ni Bàbá Káyọ̀dé máa pé ọgọ́ta.

Bó bá jẹ́ pé ọmọ mi máa lọ, abẹ́ ẹni tó máa tanná dè é ni mo fẹ́ kó wà. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un nígbà tí à ń padà bọ̀. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ̀rọ ló ń júwe ọ̀nà fún wa báyìí." Ẹ̀rọ ò bí i, èmi ni mo bí i.

Òrùlé tí yìnyín bà jẹ́ ti dára, ẹ̀jẹ̀ ríru Bàbá Káyọ̀dé ti wálẹ̀, Títí bí obìnrin, owó aṣọ ẹbí wa ti wà lọ́nà.

Ohun tí mo tìtorí ẹ̀ kọ̀wé gan-an: Mọ́mì ò tíì gbọ́. O mọ̀ pé láti ìgbà ọ̀rọ̀ Ẹ̀pẹ́ yẹn, wọn ò fẹ́ kí ọmọ wa kankan sún mọ́ omi. Bí mo bá sọ ọ́ lórí fóònù, ẹkún ni wọ́n máa bú sí, bí Káyọ̀dé bá sì gbọ́ ẹkún ìyá àgbà, kò ní lọ mọ́. Mi ò fẹ́ kó jẹ́ pé ẹkún ló dá a dúró. Jọ̀ọ́, bá mi dé Ìjẹ̀bú-Òde. Má lọ ní Sátidé, ọjọ́ yẹn ni Àǹtí Dúpẹ́ máa ń wà níbẹ̀, kí ilẹ̀ tó ṣú gbogbo ìlú á ti gbọ́. Jẹ́ kí wọ́n jẹun tán ná. Bí wọ́n bá béèrè ọ̀rọ̀ omi, má parọ́ fún wọn, sọ ti iná yẹn fún wọn. Bí wọ́n bá gbà, ní kí wọ́n súre fún un, kí o gba ohùn wọn sílẹ̀ sórí fóònù rẹ, kí o fi ránṣẹ́ kó tó lọ lóṣù kẹsàn-án. Bí wọn ò bá gbà, pè mí kí o tó kúrò níwájú wọn, kí èmi fúnra mi bá wọn sọ̀rọ̀.

Èmi ni tìrẹ,
Ìyá Káyọ̀dé