Àbẹ̀kẹ́, gbọ́ ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù yìí

Àbẹ̀kẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé dáadáa ni? Àwọn ọmọ ńkọ́? Mo mọ̀ pé inú ń bí ẹ pé o ń pè mí mi ò gbé e, kì í ṣe pé mo ń ṣakọ o, mi ò kàn mọ ibi tí mo ti máa bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà ni, mo wá ní kí n kúkú kọ ọ́.

Iṣẹ́ abẹ tí mo sọ fún ẹ yẹn, tí òròbó fi ń di lẹ́pá, ó ti ń sún mọ́lé. Ọsibítù ní fún àwa aláwọ̀ dúdú àwọn máa ń dín 2.5 kù nínú BMI (ìwọ̀n béèyàn ṣe tẹ̀wọ̀n sí bó ṣe ga tó) tó yẹ kéèyàn ní kí wọ́n tó ṣe é fún un, 37.5 dípò 40, ibẹ̀ lèmi gbà wọlé. Bypass ni wọ́n fẹ́ ṣe, wọ́n á pín àpòlúkù, èyí tó máa kù fún oúnjẹ ò ní ju ẹyin adìyẹ lọ. Mo ti rò pé ẹ̀jẹ̀ àti ṣúgà ni wọ́n máa yẹ̀ wò kó tó di ọjọ́ náà, àṣé wọ́n máa yẹ orí náà wò! Nọ́ọ̀sì ní màá rí psychologist, onímọ̀ nípa ọ̀rọ̀ ọkàn, Aro ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn, mo ní ṣé wọ́n rí i pé mo ti fẹ́ wọjà ni?

Ó kó fọ́ọ̀mù kan lé mi lọ́wọ́, PHQ-9, tí wọ́n fi ń yẹ ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn wò, ìbéèrè mẹ́sàn-án, bó ṣe ń ṣe mí láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Tí kò bá ṣe ẹ́ rárá, òdo, tó bá fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ojoojúmọ́, 3, gbogbo ẹ̀ lápapọ̀ jẹ́ 27, tó o bá ti lé ní 9 wọ́n á fẹ́ gbọ́ tẹnu ẹ dáadáa. Ṣé o máa ń sùn? Èmi tí mo ń gbé ẹ̀rọ CPAP tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí imú kí n tó lè sùn. Ṣé ó máa ń rẹ̀ ẹ́? Nínú àwa tá à ń ṣiṣẹ́ alẹ́ nílé àwọn arúgbó, ta ni kì í rẹ̀? Ṣé o ń jẹun jù? Jọ̀ọ́, kí ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ yín! Ọ̀rọ̀ sísanra nìkan ti fún mi ní 9 kí n tó dé ọ̀rọ̀ ọkàn. Ìbéèrè tó kẹ́yìn ni kò pa mí lẹ́rìn-ín. Wọ́n ń bi mí bóyá ó máa ń ṣe mí bíi kí n ti kú.

Ìyàwó Kúnlé tó ti ṣe tiẹ̀ ní kí n fi òdo sí gbogbo ẹ̀, pé bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọ́n á lé mi, pé ohun tóun ṣe nìyẹn. Mo dọ́gbọ́n bi nọ́ọ̀sì bí ẹni tó ń béèrè fún ẹlòmíì, ó ní rárá, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ò ní kí wọ́n má ṣe é, wọ́n kàn lè ní kí wọ́n tọ́jú ẹ̀ ná. Ó ní lẹ́yìn bypass, oògùn téèyàn ń lò fún un lè má ṣiṣẹ́ lára bíi ti tẹ́lẹ̀, ọtí á tètè máa gun èèyàn, inú àwọn míì á dùn lọ́dún àkọ́kọ́, tí ara ò bá wá fọn mọ́ ìbànújẹ́ á padà dé, àwọn kan á tiẹ̀ fẹ́ para wọn. Mo wá wo Ìyàwó Kúnlé. Ó ti rẹwà tán o, aṣọ tó ń wọ̀ báyìí ò lè gba apá mi, ṣùgbọ́n kì í yọjú síbì kankan mọ́, wáìnì sì ni lójoojúmọ́. Kì í ṣe ẹnu mi lo ti gbọ́ ọ.

Àbẹ̀kẹ́, o mọ̀ mí, tínú mi bá bàjẹ́ ẹ̀bà ni mo máa ń fẹjọ́ sùn. Tí wọ́n bá wá ṣe é tán, ta ni màá fẹjọ́ sùn?

Mo ti sanwó aṣọ ẹbí Táíwò, lándílọ́ọ̀dù ti fowó lé owó ilé, Tóbi ti ga jù mí lọ, ó ń kígbe mọ́ mi bíi bàbá ẹ̀.

Mi ò ní fi òdo sí i. Ṣùgbọ́n psychologist máa bi mí ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, ìwọ lo sì wà lọ́dọ̀ mi ní Mọ́kọ́lá nígbà tí mo bí Tóbi, tí mi ò fẹ́ gbé e, tí Màmá ní ayé ló ń ṣe mí tí wọ́n fi gbé mi lọ sórí òkè. Òórùn òróró àdúrà yẹn nìkan ni mo rántí. Kí ni mò ń ṣe nígbà yẹn? Kí ni mò ń sọ? Ṣé mo sọ ohun tó jọ ìbéèrè tó kẹ́yìn yẹn? Má bò ó fún mi o. Fi fọ́ìsì nóòtì ránṣẹ́ kó tó di Ọjọ́bọ̀, kó jẹ́ lẹ́yìn aago mẹ́wàá alẹ́, torí Tóbi máa ń gba fóònù mi. Tí Màmá bá bi ẹ́, ọ̀rọ̀ aṣọ ẹbí là ń sọ.

Èmi ni,
Ìyá Tóbi