Owó Gbogbo Wa Ló Ra Epo Ọkọ̀ Náà

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ní àwọn ilé iṣẹ́ Odógunyàn, àti ẹ̀yin tí ẹ ń gba Sábó kọjá ní ìdájí kí ẹ lè bá ṣíìfù àárọ̀, mo kí yín. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ọ̀nà.

Mo gbọ́ pé ìbò ẹ̀ka ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ń bọ̀ níbi iṣẹ́ púpọ̀ nínú yín, àti pé ẹ̀yin ọ̀dọ́ náà ti ń jáde díje. Inú mi dùn sí i. Àmọ́ ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi láti ọjọ́ pípẹ́, mo sì fẹ́ sọ ọ́ fún yín kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ fọ́tò mọ́ ògiri.

Akọ̀wé ẹ̀ka ni mo jẹ́ nígbà náà, ní ilé iṣẹ́ aṣọ kan níbí ní Ìkòròdú. Alága wa fẹ́ padà sípò, èmi sì wà lẹ́yìn rẹ̀ gbágbáágbá. Ẹni tó jáde bá a díje wá láti ẹ̀ka ìhunṣọ, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó mọ ìwé òfin ẹgbẹ́ ju àwa tí a wà lórí àga lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko la fi ọkọ̀ ẹgbẹ́ gbé àwọn alátìlẹ́yìn wa kiri, láti Àgríìkì dé Ìgbógbó. Inú ọ́fíìsì ẹgbẹ́ ni mo ti tẹ ìwé ìpolongo alága: ẹ̀rọ ẹgbẹ́, bébà ẹgbẹ́, íǹkì ẹgbẹ́. Nígbà tí ọkùnrin yẹn mú ìwé tirẹ̀ wá pé kí n bá òun lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó ìkéde, mo ní kó lọ gba àṣẹ lọ́wọ́ alága. Ẹ gbọ́ o: ẹni tó ń bá a díje gan-an ni mo ní kó lọ tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀.

A wọlé. A jó, a yọ̀. Nígbà tí oṣù parí, mo jókòó ti ìwé owó oṣù láti wo iye tí wọ́n yọ fún ẹgbẹ́, mo sì kan orúkọ ọkùnrin yẹn. Wọ́n yọ tirẹ̀ bí wọ́n ṣe yọ tèmi, kò dín ní kọ́bọ̀. Ibẹ̀ ni ojú mi ti là. Epo tí a fi sáré kọjá lára rẹ̀ nígbà tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ bá àwọn èèyàn, òun náà wà lára àwọn tó rà á. Owó rẹ̀ la fi ra ẹgba tí a fi nà án.

Kò sẹ́ni tó jí kọ́bọ̀ kan nínú wa. Bí wọ́n bá pe ayẹ̀wéwò wá lọ́jọ́ yẹn, ìṣirò á bára mu: epo ni a kọ, epo náà la sì rà. Ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ yìí ṣòro nìyẹn. Olè tó kó owó lọ, gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n lólè. Ẹni tó fi ohun ìní gbogbogbòò gbé ara rẹ̀ ga, wọ́n á máa pè é lógbóǹtarìgì olóṣèlú.

Àkókò tún ju epo lọ. Alága wa ní àyè láti kúrò nídìí ẹ̀rọ nítorí iṣẹ́ ẹgbẹ́, ilé iṣẹ́ sì ń san owó rẹ̀ pé. Àyè yẹn tọ́, torí ta ni yóò lọ jókòó bá ọ̀gá sọ̀rọ̀ bí òṣìṣẹ́ kan bá ṣèṣe? Àmọ́ lọ́sẹ̀ mẹ́ta yẹn, ìpolongo ló fi ṣe. Ó ń lọ láti ẹ̀ka ìrànwú dé ẹ̀ka ìpaláró, ó ń bọ èèyàn lọ́wọ́. Alátakò rẹ̀ ò lè fi ẹ̀rọ sílẹ̀ ju ìgbà tó fẹ́ lọ tọ̀ lọ. Ṣíìfù òru ni wọ́n tún wá gbé e sí lọ́sẹ̀ tó kẹ́yìn. Mi ò mọ ẹni tó ṣe ìyẹn, mi ò sì béèrè nígbà náà. Ó yẹ kí n béèrè.

Lóde tòní, ìwé orúkọ àti nọ́ńbà fóònù ló lágbára jù. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fi nọ́ńbà wọn sílẹ̀ kí wọ́n lè máa gbọ́ ìròyìn ìpàdé. Ẹni tó wà lórí àga wá lè fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo wọn kó tó mu ẹ̀kọ àárọ̀ tán. Alátakò rẹ̀ á dúró lẹ́nu géètì nígbà tí ṣíìfù bá ń pààrọ̀, á máa di èèyàn mú lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo tún gbọ́ ti gúrúùpù WhatsApp ẹgbẹ́ kan tí wọ́n tì pa bí ìbò ṣe ku díẹ̀, kí ádímìn nìkan lè máa sọ̀rọ̀. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ti ìrẹsì ọdún tí wọ́n ń fi pamọ́ di ọ̀sẹ̀ ìbò, tí fọ́tò olùdíje á wà lára àpò rẹ̀, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n dáadáa.

Mi ò sọ pé kí alága má ròyìn iṣẹ́ o. Bó bá bá ilé iṣẹ́ jà tó sì gba àfikún owó wá, kó kéde rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ìgbà tó bá kọ “ẹ dìbò fún mi” sísàlẹ̀ ìkéde náà ló di ìpolongo. Ohun tí mo fi ń wọ̀n ọ́n ni èyí: bí alátakò mi bá tọrọ nǹkan yìí lọ́wọ́ mi lónìí, ṣé màá fún un? Bí mi ò bá ní fún un, kí èmi náà gbé e sílẹ̀.

Nígbà tí wọ́n rán mi lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní iléèwé àwọn òṣìṣẹ́ ní Ìlọrin, èyí tí wọ́n fi orúkọ Michael Imoudu pè, mo gbọ́ ìtàn ẹgbẹ́ àwọn awakọ̀ akẹ́rù Amẹ́ríkà, Teamsters. Ní 1996, Ron Carey ló borí nínú ìbò ààrẹ wọn. Ní 1997 wọ́n fagi lé ìbò náà, torí wọ́n rí i pé owó ẹgbẹ́ gba ọwọ́ àwọn àjọ mìíràn yí po kó tó padà sínú ìpolongo rẹ̀. Wọ́n ní kò gbọdọ̀ díje mọ́, wọ́n tún ìbò dì ní 1998, James Hoffa tó fìdí rẹmi tẹ́lẹ̀ ló wọlé. Kí n má bàa rẹ́ Carey jẹ: ní 2001, ilé ẹjọ́ dá a láre nínú ẹ̀sùn pé ó purọ́ lórí ọ̀rọ̀ náà. Síbẹ̀ ìbò yẹn ti bàjẹ́. Láti 1959 ni òfin wọn ti ní kí ẹnikẹ́ni má fi owó ẹgbẹ́ tàbí ti agbanisíṣẹ́ ti olùdíje lẹ́yìn. Òfin 1992 ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní tirẹ̀ sọ pé kí ẹgbẹ́ bá olùdíje kọ̀ọ̀kan fi ìwé ìpolongo rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn tó máa dìbò, láìgba owó, bákan náà fún gbogbo wọn. Èyí ló wọ̀ mí lára jù, torí ìwé ojú ewé kan tí mo kọ̀ láti lẹ̀.

Nílé wa níbí, òfin ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ti 1973 ní kí ìwé òfin ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sọ ohun tí owó rẹ̀ wà fún. Ẹ béèrè ìwé náà, ẹ kà á. Ẹ rántí NLC, àpapọ̀ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ Nàìjíríà, ní 2015. Ìpàdé àwọn aṣojú ní Àbújá dàrú lórí ìwé ìdìbò ní oṣù Kejì, wọ́n tún un ṣe ní oṣù Kẹta, Ayuba Wabba wọlé sípò ààrẹ, apá Joe Ajaero tó bá a díje ò gbà. Ẹgbẹ́ là sí méjì, ó sì di 2020 kí wọ́n tó padà ṣọ̀kan.

Ẹ̀ka tiwa náà là, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnì kankan ò kọ ìròyìn rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún méjì tí ilé iṣẹ́ fẹ́ dá òṣìṣẹ́ púpọ̀ dúró, a ní kí gbogbo èèyàn dá iṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn ahunṣọ ò jáde. Wọ́n ní kí àwọn tó ní ọkọ̀ lọ jà. Ìjà ọjọ́ méjì péré ni, ilé iṣẹ́ sì ṣe bó ṣe wù ú.

Nítorí náà mo bẹ̀ yín, ṣáájú ìbò tó ń bọ̀ yìí, ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ ẹgbẹ́ wà nílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ ìpolongo, kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹni tí kò díje. Ẹ pín pátákó ìkéde dọ́gba. Kí ọ̀rọ̀ olùdíje kọ̀ọ̀kan wọ gúrúùpù lọ́jọ́ kan náà. Bí alága yín bá gba àyè fún ìpolongo, ẹ bá alátakò rẹ̀ gba irú rẹ̀, kódà bí ẹ ò bá ní dìbò fún un.

Ọkùnrin ahunṣọ tó bá alága wa díje yẹn fẹ̀yìntì ṣáájú mi. Mo lọ bá a nílé lẹ́yìn ọdún díẹ̀, mo sì jẹ́wọ́ fún un. Kò bínú. Ó wọ yàrá lọ, ó mú fáìlì kan jáde, ìwé ìpolongo tí mo kọ̀ láti lẹ̀ yẹn ṣì wà nínú rẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kà á. Ohun tó kọ ni pé kí á máa lẹ ìṣirò owó ẹgbẹ́ mọ́ ògiri ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, àti pé kí á sún aago ìpàdé síwájú kí àwọn tó ń ṣe ṣíìfù òru lè sùn díẹ̀ kí wọ́n tó wá.

Èmi ni bàbá yín,
Akọ̀wé ẹ̀ka tẹ́lẹ̀, Ìkòròdú.