Lẹ́tà sí Olóòtú: Ẹ yọ nọ́ńbà fóònù kúrò nídìí àkáǹtì mẹ́ńbà

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá. Ọ̀rọ̀ àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo fẹ́ sọ, àwọn tó ti kó àkọsílẹ̀ wọn kúrò nínú ìwé lọ sórí kọ̀ǹpútà. Inú mi dùn sí i gan-an, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó bá wọn ṣe é, nọ́ńbà fóònù mẹ́ńbà ni wọ́n fi ṣe primary key, ìyẹn ló ká mi lára tí mo fi kọ̀wé.

Fún ẹni tí ò bá mọ̀ ọ́n, tébù tébù la máa ń to nǹkan sí nínú dátábéèsì, ìyẹn ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó àkọsílẹ̀ pa mọ́ sí, ọ̀kan fún orúkọ mẹ́ńbà, ọ̀kan fún owó oṣooṣù, ọ̀kan fún lóònù, ọ̀kan fún àwọn oníduùró. Primary key lohun tó ń ya ìlà ẹnì kan sọ́tọ̀, ẹni méjì ò gbọdọ̀ ní in papọ̀, kò sì gbọdọ̀ ṣófo. Òun náà ni wọ́n ń kọ sínú àwọn tébù tó kù, tó wá ń jẹ́ foreign key níbẹ̀, kí kọ̀ǹpútà lè mọ ẹni tó ni owó. Látìgbà tí Edgar Codd ti IBM ti gbé ètò yìí jáde ní 1970 ló ti rí bẹ́ẹ̀.

Ta wá ni ò mọ̀ bí láìnì ṣe rí nílẹ̀ yìí? Olè á jí fóònù, síìmù tẹ́ ò bá lò fún ìgbà pípẹ́ wọ́n á tà á fẹ́lòmíì, tọkọtaya míì wà tó jẹ́ fóònù kan ni wọ́n jọ ń lò, tí kọ̀ǹpútà ò bá gba ìyàwó wọlé akọ̀wé á kàn hùmọ̀ nọ́ńbà kan sí i. Ẹlòmíì á kọ 0 síwájú, ẹlòmíì á kọ 234, ẹnì kan náà á di méjì.

Mo mọ ìyá kan tó ń ta gaàrí ní Sábó, láìnì wọn sọnù, akọ̀wé fẹ́ pààrọ̀ nọ́ńbà wọn, kọ̀ǹpútà kọ̀ torí gbogbo owó tí wọ́n ti dá wà lábẹ́ nọ́ńbà àtijọ́, ló bá kúkú ṣí àkáǹtì tuntun fún wọn. Ìgbà tí wọ́n fẹ́ gba lóònù ni wọ́n gbọ́ pé owó wọn ò tíì tó. Owó wọn ò lọ ibì kankan o, ó wà níbẹ̀, nọ́ńbà ló yàtọ̀!

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ń ṣe iṣẹ́ yìí ní Under G àti Tákíè, ó ṣe é yípadà láìsọ ẹyọ owó kan nù. Ẹ kọ́kọ́ ṣe backup, ìyẹn ẹ̀dà gbogbo àkọsílẹ̀ náà, kẹ́ ẹ sì gbé e sórí ẹ̀rọ míì wò bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Ẹ fi kọ́lọ́ọ̀mù tuntun sí tébù mẹ́ńbà, kí ẹ̀rọ fúnra ẹ̀ pín nọ́ńbà tí ò ní ìtumọ̀ kankan fún wọn, ẹ wá fi kọ́lọ́ọ̀mù yẹn náà sí tébù owó, ti lóònù àti ti àwọn oníduùró, kẹ́ ẹ fi nọ́ńbà fóònù wá ẹni tó ni ìlà kọ̀ọ̀kan. Ibi tó bá ṣófo ni kẹ́ ẹ ti fara balẹ̀ jù, ẹ má pa á rẹ́ rárá, torí owó èèyàn ni, 0 kan tó yọ síwájú nọ́ńbà lè ti fà á, àfi kẹ́ ẹ kó ìwé àtijọ́ jáde kẹ́ ẹ máa wò ó lọ́kọ̀ọ̀kan. Tí gbogbo ẹ̀ bá pé tán kẹ́ ẹ tó tú foreign key àtijọ́, kẹ́ ẹ gbé primary key tuntun wọlé, kẹ́ ẹ tún un so. Nọ́ńbà fóònù á wà níbẹ̀ bíi àdírẹ́sì lásán.

Ètò dátábéèsì tẹ́ ẹ ń lò náà ṣe pàtàkì: nínú PostgreSQL ẹ lè ṣe gbogbo ẹ̀ nínú transaction kan, ìyẹn iṣẹ́ tí ẹ̀rọ máa ń kà sí ẹyọ kan, tó bá bàjẹ́ ẹ dá a padà, MySQL ò gba ìyẹn, backup yín nìkan lẹ ní, InnoDB tó ń tọ́jú tébù nínú MySQL tiẹ̀ máa tún gbogbo tébù kọ, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má ṣe é lọ́jọ́ tí wọ́n ń gbowó. Tó bá jẹ́ SQLite, tébù tuntun lẹ máa ṣe kẹ́ ẹ da ti tẹ́lẹ̀ sínú ẹ̀. Àwọn kan á ní ṣebí ON UPDATE CASCADE wà, àṣẹ tó ń mú kí nọ́ńbà tẹ́ ẹ bá pààrọ̀ yí padà nínú àwọn tébù tó kù, ó wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò yanjú ọ̀rọ̀ tọkọtaya tó ń lo fóònù kan.

Àwọn tó ní ká fi NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè, rọ́pò ẹ̀, mi ò fara mọ́ ọn. Kì í ṣe gbogbo mẹ́ńbà ló ní in, kò sì yẹ ká máa tú nọ́ńbà yẹn ká sínú gbogbo tébù àti rìsíìtì, pàápàá látìgbà tí òfin ààbò dátà ti jáde ní 2023.

Ẹ̀yin alága àti akọ̀wé, ẹ fún àwọn ọmọ yìí láyè, ẹ sanwó wọn dáadáa, ẹ má ní kí wọ́n parí ẹ̀ kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀. Kẹ́ ẹ sì ní kí wọ́n fi nọ́ńbà àtijọ́ àti tuntun sínú tébù kan lọ́tọ̀, torí páàsìbúùkù tó wà lọ́wọ́ mẹ́ńbà ṣì ní ti àtijọ́ lára, wọn ò gbọdọ̀ pa á rẹ́ títí ọ̀dítọ̀ á fi ṣírò ọdún yẹn tán.

Èmi ni tiyín,
Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kan